Ṣé ìkà ni Maria Comnena sí ọmọ rẹ̀?

Ọmọ Ìtàn:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ka ìtàn Ogun Àgbélébùú, ogun tí àwọn Kristẹni Yúróòpù bá àwọn Mùsùlùmí jà nítorí Jerúsálẹ́mù, mo wá kan Maria Comnena, ọmọ ìdílé ọba Bisántíọ̀mù tó di olorì ní Jerúsálẹ́mù. Wọ́n ní ní 1190, òun ló tú Isabella ọmọ rẹ̀ ká kúrò lọ́dọ̀ Humphrey ti Toron, tó fà á fún Conrad ti Montferrat, ìjòyè kan láti Ítálì. Ọmọ náà ò sì fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé.

Ìyá Àrẹ̀mọ:
Ọmọ mi, apá ìparí ni wọ́n sọ fún ẹ. Wọn ò sọ bí Isabella ṣe dé ilé ọkọ.

Ọba Amalric fẹ́ Maria ní Tírè lóṣù kẹjọ 1167, torí ó ń wá ìrànlọ́wọ́ Manuel, ọba Bisántíọ̀mù ní Konstantinópù, àbúrò bàbá bàbá Maria. Isabella nìkan ló yè nínú ọmọ tí wọ́n bí. Nígbà tí ọba kú ní 1174, Baldwin, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà, ló gorí oyè. Maria mú Nablus, Ṣékémù inú Bíbélì, gẹ́gẹ́ bí ìpín opó, ó sì fẹ́ Balian ti Ibelin ní 1177.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ní 1180, Baldwin fa Isabella fún Humphrey. Ọmọ ọdún 8! Wọ́n mú un lọ sí Kerak, ilé olódi lókè, níhà ìlà-oòrùn Òkun Iyọ̀. Stephanie, ìyá ọkọ, kò sì jẹ́ kó wá kí ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà ìgbéyàwó ní 1183. Bí wọ́n ṣe ń ṣàríyá nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni òkúta Saladin, ọba àwọn Mùsùlùmí, ń lu odi níta. Nígbà tí Maria wá jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ ìjọ ní 1190 pé, nígbà ìgbéyàwó yẹn, ọmọ òun kò tíì pé ọdún 12 tí òfin ìjọ béèrè, pé ọba ló fipá ṣe é, irọ́ wo ló pa?

Arìnrìnàjò:
Òótọ́ ni, Màmá, àmọ́ ìtẹ́ ló gbé ẹjọ́ yẹn dìde. Ọbabìnrin Sibylla, ẹ̀gbọ́n Isabella lọ́dọ̀ bàbá, àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ibùdó ogun lẹ́yìn odi Acre, ìlú etíkun kan, adé wá kan Isabella. Àwọn ìjòyè ò sì fọkàn tán Humphrey: ní 1186 tí wọ́n fẹ́ fi jọba, òru ló sá lọ bá Guy, ọkọ Sibylla. Isabella ti pé ọdún 18, ó ní òun fẹ́ràn ọkọ òun. Baldwin, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, tako ìtúká náà títí ó fi kú. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n so Isabella pọ̀ mọ́ Conrad.

Ìyá Àrẹ̀mọ:
Mi ò jiyàn pé ìtẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí 1187. Maria àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Jerúsálẹ́mù nígbà tí ogun ń bọ̀. Nítorí ọlá Balian ni Saladin fi yan ẹ̀ṣọ́ tó sìn wọ́n dé Tripoli ti Lẹ́bánónì. Conrad ló di Tírè mú nígbà tí ìlú ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì. Ta ni ẹ fẹ́ kó fọmọ fún, ẹni tó dúró tàbí ẹni tó sá lóru?

Ọmọ Ìtàn:
Ẹ ṣé, Màmá. Humphrey wá ńkọ́?

Arìnrìnàjò:
Isabella dá ẹ̀tọ́ Toron, ilẹ̀ ìdílé Humphrey, padà fún un. Ọ̀kan nínú ohun tó kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.