Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ GreenHouse àti irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ bá wa sọ ọ́

Ìyá Bíọ́lá
Ẹ kúulé o. Ọmọ àbúrò mi wọ Yunifásítì Wisconsin ní Madison. Wọ́n ní kó yan ibi tó máa gbé lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní GreenHouse lòun fẹ́, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì ń kọ́ bí wọn ò ṣe ní máa fi ilẹ̀, omi àti iná ṣòfò. Kí ni wọ́n ń ṣe nírú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an? Ṣé wọn ò ní sọ ọmọ di àgbẹ̀?

Àkàndé_Midwest
Ilé Aldo Leopold ni, lágbègbè adágún Mendota. Wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin nǹkan sí sórí òrùlé ẹ̀. Ohun tó wù kọ́mọ máa kà, ó lè gbébẹ̀. Nǹkan tuntun kọ́ nìyẹn ní Madison o. Láti 1927 sí 1932 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Alexander Meiklejohn ti kó akẹ́kọ̀ọ́ àtolùkọ́ jọ sílé kan náà níbẹ̀.

Kòkúmọ́
Àgbẹ̀ kọ́, mà. Àkìtàn ni 😂

Ìyá Bíọ́lá
Àkìtàn ke?

Túndé Aláròyé
Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, èèpo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ́ kó jẹrà di ajílẹ̀ ló ń pè ní àkìtàn, ìdí ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti máa ń jà. Wọ́n á gbé báàkẹ́tì lítà 19 sí kíṣìnnì, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn máa da èèpo sí i. Kò ní pẹ́ tó fi máa rùn, torí èèpo tútù nìkan ló wà nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Abọ́ èèpo kan, abọ́ ewé gbígbẹ tàbí páálí yíya méjì sí mẹ́ta, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tẹ́ ẹ fún un, kó má ju ẹ̀kán omi kan tàbí méjì lọ.

Òkìtì ti ìta gbọ́dọ̀ tó mítà kan níbùú, lóòró àti lókè kí inú ẹ̀ tó lè gbóná dé 55°C sí 65°C. Èyí tó bá kéré sí i, òtútù January máa sọ ọ́ di òkúta.

Àwọn kọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ "compostable" sí lára, ìyẹn pé wọ́n lè jẹrà di ajílẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò. Ibi ìsọdọ̀tí-dajílẹ̀ ńlá tó ń gbóná nǹkan bíi 60°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló lè jẹ wọ́n. Nínú báàkẹ́tì kíṣìnnì, bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n á ṣe jáde.

Ìyá Ìbejì_Houston
Ẹ̀bà tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Túndé Aláròyé
Ẹ̀bà funfun, díẹ̀ ò burú. Èyí tó bá ti kan ọbẹ̀, ẹ má dán an wò, pàápàá tó bá jẹ́ àpótí tí ekòló ti ń jẹ èèpo di ajílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Iyọ̀ máa ń fa omi ara ekòló jáde, ata ò bá wọn lára mu, epo sì máa ń dí ojú afẹ́fẹ́. Ekòló pupa ìlàjì kílò lè jẹ nǹkan bí ìdámẹ́rin kílò lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀. Tí eṣinṣin wẹ́wẹ́ bá ti bò ó, oúnjẹ ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ fi ìwé ìròyìn yíya bo ojú ẹ̀.

Kòkúmọ́
Gbogbo èyí, ṣé àwọn ìyá àgbà wa ò ti ń ṣe é tipẹ́ ni? Garawa omi kan, wọ́n á wẹ̀ tán, èyí tó bá kù á lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Adéọlá K.
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1992 ò gbà kí orí ṣáwà da ju gálọ̀nù 2.5 lọ níṣẹ́jú kan, lítà 9.5 nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lítà 95. Garawa ńlá ò ju 20 lọ.

Bọ̀dé
Ta ló fẹ́ fi garawa wẹ̀ nínú òtútù Wisconsin 🥶

Adéọlá K.
Inú ilé wọn gbóná ju Ìbàdàn lọ, arákùnrin.

Bọ̀dé
Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú méjì wẹ̀ ní ṣáwà, lítà 19 lòun náà lò. Kí wá ni garawa fi dáa jù?

Adéọlá K.
Ẹ fọmọ ọdún méjìdínlógún kan hàn mí tó ń fi ìṣẹ́jú méjì wẹ̀.

Àkàndé_Midwest
Adéọlá gbà á o. Ní Oberlin, ní Ohio, lọ́dún 2005, àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ fọ̀sẹ̀ méjì díje lórí iná àti omi. Iná tí wọ́n lò fi ìdá 32 nínú 100 wálẹ̀. Omi? Ìdá 3 péré. Nílé méjì tí wọ́n ti ń rí iná tí wọ́n ń lò lójú ẹsẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìdá 55 ló fi wálẹ̀.

Bọ̀dé
Ìdíje parí, iná padà. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àkàndé_Midwest
Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n ṣe. Yíyọ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó lè máa bá a lọ. Àmọ́ kéèyàn fi omi tútù fọ aṣọ, kó sì kó tẹlifíṣọ̀n àti géèmù sórí ẹ̀síténṣọ̀n kan tó ní bọ́tìnnì, ìyẹn máa ń dúró.

Ìyá Bíọ́lá
Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin èèyàn yìí, owó ńkọ́?

Adéọlá K.
Mà, ẹ wo bíìlì ilé dáadáa kọ́mọ tó fọwọ́ sí i. Láwọn yunifásítì kan, owó ètò irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lọ́tọ̀ lórí owó yàrá. Ẹ tún ní kó bi wọ́n léèrè àkókò kíláàsì ètò náà. Tó bá forí gbárí pẹ̀lú láàbù kẹ́mísìrì, ọ̀kan á fìyà jẹ ìkejì, àwọn tó ń lọ sí nọ́ọ̀sì ló sì máa ń kàn jù.

Ìyá Ìbejì_Houston
Èmi ẹrù táwọn ọmọ yẹn ń dà nù tí wọ́n bá ń kó kúrò nílé ni mo ń bèèrè. Dúrọ́ọ̀mù mi tó ń lọ Èkó ò tíì kún 😁

Àkàndé_Midwest
May nilé yunifásítì ń tú. Àmọ́ August 14 àti 15 ni háyà ìgboro Madison ń parí, ẹ̀bá títì á kún fọ́fọ́. Hippie Christmas ni wọ́n ń pè é. Ẹ kó tábìlì, kẹ́ ẹ kó ìkòkò. Ẹ má fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, ìdun wà.

Ìyá Ìbejì_Houston
Fíríìjì kékeré ńkọ́?

Túndé Aláròyé
120 fólítì, 60 hertz ni tiwọn. Tilé jẹ́ 230, 50. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná l'Ékòó láìsí tìránsífọ́mà, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ máa jó lójú ẹsẹ̀. Tìránsífọ́mà náà ò sì ní yí hertz padà, mọ́tò ẹ̀ á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Kòkúmọ́
Ẹ fi síbẹ̀ fún ọmọ GreenHouse, mà 😂