"BP yín": ohun tí yèyé mi gbọ́

Láti Adó-Èkìtì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Blood pressure yìí, ó ti fojú yèyé mi rí màbo. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọjà. Wọ́n wé aṣọ mọ́ ọn lápá, wọ́n ní, "Màmá, BP yín jẹ́ 118/76, ó dáa." "BP yín" nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìfàkì, ó ti ń pín àwọn aṣọ òkè rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fẹnu kan iyán, omi ewúro ló ń mu láàárọ̀ lálẹ́.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Yèyé, gbogbo ẹni tó ń mí ló ní BP. Ìfúnpá ni, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan bó ṣe ń kọjá. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti ìgbà tí ọkàn bá fún pọ̀, èkejì ni ti ìgbà tó bá dẹ̀. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ríru." Ó wò mí títí. "Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ pé lágbájá ní BP?" Òun ló jàre. Àwa la sọ orúkọ ìwọ̀n di orúkọ àìsàn.

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:
Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀rù lásán ni tiyín. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń lo oògùn dáadáa. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 120/80, wọ́n ní "BP ti wálẹ̀." Bàbá délé, ó ní BP ti lọ, ó pa oògùn tì. Oògùn yẹn gan-an ló mú un wálẹ̀! Kò sì sí ibi tó ń dùn ún, a rò pé ó ti bọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ gba apá ọ̀tún rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé kò sẹ́ni tó là á yé e ní Yorùbá.

Láti Adó-Èkìtì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Olúwa á fún Bàbá lókun. Yèyé ti padà sídìí iyán o. Bó bá ti na apá fún nọ́ọ̀sì báyìí, ohun tó ń béèrè ni, "Èló ni ìfúnpá mi?"