Mo fẹ́ dá iṣẹ́ gígé koríko sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èmi nìkan ṣoṣo: báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀?

Ọmọ Òjóò béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Òjóò ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti kékeré ni mo ti ń bá àwọn ẹbí mi roko, mo sì ti rí owó díẹ̀ kó jọ báyìí láti fi ra ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń gbé kọ́ èjìká, èyí tó ń lo bẹntiróòlù. Mo fẹ́ máa gé koríko àgbàlá fún àwọn onílé ní Bódìjà àti agbègbè rẹ̀, títí kan ilé ìwé àti ilé ìjọsìn. N kò ní owó tí n ó fi gba òṣìṣẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí a ti ń dá iye owó iṣẹ́, nítorí àwọn kan ní kí n máa gba owó ní pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ní kí n máa wo ojú oníbàárà. Kí ni n ó sì máa jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko kò bá hù mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Ọlọ́gbà fèsì:

Àbúrò, o kú ìpalẹ̀mọ́. Má wo ojú oníbàárà, má sì fi pulọ́ọ̀tì nìkan dá owó. Pulọ́ọ̀tì kan lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kí òmíràn jẹ́ 60 sí 120, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí eésún ti ga ju ènìyàn lọ lórí rẹ̀ kò lè gba àsìkò kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n gé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àsìkò àti epo ni kí o fi ṣírò. Fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀ yí ká kí o tó dárúkọ owó, wo bóyá òkúta, ìgò àti irin wà nínú koríko, kí o sì fojú dá iye wákàtí tí yóò gbà ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o ro epo, ọ́ìlì, okùn náílọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ fi ń gé koríko, owó ọkọ̀ àti agbára rẹ pọ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún àtúnṣe ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo kì í dúró sójú kan. Nítorí náà, bí o bá gba iṣẹ́ olóṣooṣù, jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn pé bí owó epo bá gbéra, owó iṣẹ́ náà yóò gbéra.

Irú ẹ̀rọ tí o sọ yìí kì í sábà mu epo lásán. Ńṣe ni à ń po ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un mọ́ bẹntiróòlù kí a tó rọ ọ́ sínú táǹkì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ ìwọ̀n: bí ó bá ní ọ́ìlì kan sí epo 50, mililítà 100 ọ́ìlì ni yóò wọ inú lítà 5 epo, bí ó bá ní ọ́ìlì kan sí epo 25, mililítà 200 ni. Bí ọ́ìlì kò bá sí nínú rẹ̀, písítìnì yóò gbóná, yóò há, o ó sì pàdánù ẹ̀rọ náà. Ya kẹ́ẹ̀gì kan sọ́tọ̀ fún epo pípò yìí, kí o sì kọ ọ́ sí i lára, kí ará ilé má baà rọ ọ́ sí jẹnẹrétọ̀.

Bíléèdì irin ni à ń lò fún eésún àti igbó kéékèèké. Bí o bá ti súnmọ́ ògiri, ọkọ̀ tàbí igi, okùn náílọ́ọ̀nù ni kí o lò, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí okùn náà gbá ìdí igi tí kò tíì gbó, nítorí bí ó bá bó èèpo rẹ̀ yí ká, igi náà yóò kú. Kó òkúta kúrò nílẹ̀ kí o tó tan ẹ̀rọ, ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọ ju mítà 15 lọ. Ra awò tó ń dáàbò bo ojú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà gígùn ní ọjọ́ tí o bá ra ẹ̀rọ gan-an. Ejò wà nínú koríko.

Akápò Ẹ́sítéètì fèsì:

Èmi kì í gé koríko, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń san owó fún àwọn tó ń gé e ní ẹ́sítéètì wa. Àwọn tó mọ koríko gé pọ̀. Ẹni tí yóò gbálẹ̀ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ ló ṣọ̀wọ́n. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ẹnì kan gé iwájú ilé wa, ó gún régé, ó wá gbá gbogbo koríko náà sínú gọ́tà. Òjò ńlá rọ̀, gọ́tà dí, omi sì ya wọ ilé ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà. A kò pè é mọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ rọjú.

Mú ọjọ́ kan, kí o sì máa wá lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé a pè ọ́. Gbìyànjú kí àwọn ilé tí o ń bá ṣiṣẹ́ wà ní òpópónà kan náà, kí owó ọkọ̀ má baà jẹ èrè rẹ tán. Àwọn ilé ìwé ńlá àti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń béèrè bóyá o ti forúkọ òwò rẹ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ òwò. Onílé kì í sábà béèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn onílé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o wá fi lára èrè ibẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Máa kọ rísíìtì fún gbogbo ènìyàn.

Ọmọ Òjóò:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ ṣeun, Màmá. Aládùúgbò mi kan ní kí n kúkú máa fọ́n oògùn apakoríko dípò gígé. Ṣé ó bójú mu?

Olùtọ́jú Òdòdó fèsì:

Ọ̀rẹ́, kò bójú mu ní àgbàlá tí ènìyàn gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì sí. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í ya èpò sọ́tọ̀ kúrò lára koríko tí onílé fowó gbìn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò kù. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì ti fòfin de oògùn apakoríko kan tó ń jẹ́ paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ ọ́ ní ẹ̀dínwó, má rà á, nítorí kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀ lára ẹni tó bá gbé e mì. Dípò oògùn, fa èpò bí ìmí eṣú tu lẹ́yìn òjò nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, kí o sì fi ọkọ́ wú gbégi.

Ní ti ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, iṣẹ́ kì í tán, ó kàn ń yí padà ni. Àwọn igi òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká ń fẹ́ gígé, koríko ń fẹ́ omi ní kùtùkùtù, ewé gbígbẹ ń fẹ́ gbígbá. Àwọn tó ní ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ ń wá ẹni tí yóò gé igbó ibẹ̀ kí iná ọyẹ́ má baà ràn dé ilé aládùúgbò, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ gidi. Láti oṣù Kẹsàn-án ni kí o ti bá àwọn oníbàárà rẹ sọ ọ́, kí wọ́n máa san iye kan náà lóṣooṣù jálẹ̀ ọdún: gígé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú omi àti ìtọ́jú òdòdó. Má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì jẹ́ kí ó ga díẹ̀ sí i bí ọyẹ́ bá ń bọ̀, kí oòrùn má baà jó gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, gbé ẹ̀rọ rẹ lọ bá mẹkáníìkì kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí lẹ́yìn òjò náà ni gbogbo ènìyàn máa ń gbé tiwọn wá lẹ́ẹ̀kan náà.