Fáìlì àkókò iṣẹ́ mi ò bá dátà fMRI mu, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Dátà fMRI (àwòrán bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́) ni mo ní, TR (àkókò tí skáánà fi ń ya odindi àwòrán ọpọlọ kan) jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù 2, FSL (sọ́fúwíà tó ń ṣàtúpalẹ̀ dátà ọpọlọ) ni mo ń lò. E-Prime, sọ́fúwíà tó ń fi àwòrán han àwọn tó wà nínú skáánà, ló kọ fáìlì àkókò mi (ìgbà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jáde), mo fi sínú FEAT, apá FSL tó ń ṣe àtúpalẹ̀, ṣùgbọ́n apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń ríran ò tàn rárá, bẹ́ẹ̀ àwòrán ni wọ́n ń wò! Ó ti sú mi.

Ọmọ_Dátà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mílísẹ́kọ́ǹdù ni E-Prime fi ń kọ tiẹ̀, sẹ́kọ́ǹdù ni FSL fẹ́, ẹ pín in sí 1000. Aago E-Prime sì ti ń ká kí skáánà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ yọ àkókò tí trigger àkọ́kọ́ (àmì tí skáánà fi ń sọ pé òun ti bẹ̀rẹ̀) wọlé kúrò lára gbogbo onset (ìgbà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀), ibẹ̀ gan-an ni wàhálà máa ń wà. Kọ́lọ́mù mẹ́ta péré ni kó wà níbẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, àti 1 (ìwọ̀n agbára rẹ̀).

Màmá Skáánà: Ṣé ẹ yọ volume ìbẹ̀rẹ̀ (àwọn àwòrán ọpọlọ tí skáánà kọ́kọ́ yà) dànù? Tó bá jẹ́ 4, sẹ́kọ́ǹdù 8 nìyẹn, ẹ yọ ìyẹn náà kúrò lára onset. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sún onset síwájú torí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń pẹ́ dé o, HRF (àwòṣe bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ọpọlọ, tó wà nínú FEAT) ti bá yín ṣe ìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an! Mi ò yọ trigger yẹn rárá, sẹ́kọ́ǹdù 14 ló fi yẹ̀. Ó ti tàn báyìí, inú mi dùn púpọ̀.