Ibo la lè mú ọmọ lọ wo ẹyẹ àti ẹranko n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé?

Màmá Bódìjà:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé: ọdún 5, 8 àti 11. A fẹ́ máa fi òwúrọ̀ Sátidé wo ẹyẹ àti ẹranko àyíká wa lójúkojú, kì í ṣe nínú fóònù. Ibo ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ, aago mélòó ni ká jáde? Ṣé dandan ni báínókúlà, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà? Ẹ̀rù ejò ń ba bàbá wọn o, kò fẹ́ ká wọ igbó rárá.

Ẹ̀gà Orí Ọ̀pẹ:
Ẹ káàsán, mà. Aago ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ ń lọ lọ. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di nǹkan bí aago 9 ni ẹyẹ máa ń jẹun tó sì máa ń ké jù. Bí oòrùn bá ti mú, abẹ́ ewé ni wọ́n á sá sí. Lóṣù kìíní, ó ń tó bí aago 7 kí oòrùn tó yọ. Lóṣù kẹfà, aago 6 ààbọ̀ ló ti ń yọ.

Nítorí ọmọ ọdún 5 yẹn, ẹ wá igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́lé sí, wọ́n pọ̀ nígboro. Ẹ jókòó jìnnà sí i díẹ̀, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sáré. Akọ ni yóò máa fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò máa hun ún. Abo á wá yẹ ilé náà wò. Bí kò bá wù ú, kò ní gbà á. Ilé tó bá gbẹ láìrí abo tó gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u, á sì hun tuntun. Ọmọ tó bá rí èyí kò ní béèrè kìnnìún.

Báínókúlà kò pọn dandan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá máa rà, 8x32 ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, èkejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ọlọ́jà á fẹ́ ta 10x50 fún yín pé ó lágbára jù. Ó wúwo, ọwọ́ ọmọdé á máa gbọ̀n, ohun tó ń wò náà á sì máa gbọ̀n. Kí ẹ tó sanwó, ẹ pa á pọ̀ láàárín kí ẹ rí i bóyá ó fún tó ojú ọmọ ọdún 8. Ọ̀pọ̀ kì í fún tó, ojú kan ṣoṣo lọmọ á fi máa wò. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n tẹjú mọ́ ẹyẹ, kí wọ́n wá gbé báínókúlà bá ojú. Èyí tó bá kọ́kọ́ kijú bọ gíláàsì, ewé nìkan ni yóò rí.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbàgbé omi. Ní adágún Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà lọ́dún 1942, ẹyẹ kan wà tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gan-an, wọ́n ń pín ìwúwo rẹ̀ káàkiri ewé. Ara rẹ̀ pọ́n bí obì, iwájú orí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Akọ ló ń sàba, òun ló sì ń tọ́mọ. Nírọ̀lẹ́, lékèélékèé á máa fò lọ sùn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ na èékánná sí wọn bí a ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ìgbín kéékèèké inú omi tó dúró ló ń tú kòkòrò àtọ̀sí ajá (àìsàn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀) jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé, kò nílò egbò.

Aṣọ́gbó Mọ́níyà:
Bàbá wọn kò jayò pa láti bẹ̀rù, àmọ́ ejò kì í lé èèyàn kiri. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí tó ki ọwọ́ bọ ihò ló sábà máa ń bù jẹ. Bàtà tó bo kókósẹ̀, ṣòkòtò gígùn tí ẹ ki ẹnu rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, àárín ọ̀nà ni kí ẹ máa rìn. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ló ń gbani lọ́wọ́ ìjàlọ pẹ̀lú. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò buni jẹ, ẹ má sín in, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ náà dúró kó má mì, ó di ọsibítù.

Igbó tó dáa jù nítòsí yín wà nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilẹ̀ wọn tó 1,000 hẹ́kítà, nǹkan bíi 350 nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá Malimbus ibadanensis, ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, tí kò sí níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa. Àwọn ìbátan rẹ̀ jọ ọ́ púpọ̀: bí orí bá pupa tí àyà dúdú, òun kọ́, bí abẹ́ ìrù bá pupa, òun kọ́. Ọmọ ọdún 11 nìkan ni mo lè dábàá èyí fún. Ó ti ṣọ̀wọ́n, á ti rẹ àbúrò kí ẹ tó rí i.

Ìyá Ọlọ́gbà:
Ẹ gbé omi sílẹ̀ fún ẹyẹ nílé náà, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Àwo amọ̀ tàbí àpáàdì ńlá ni kí ẹ lò; ike ń yọ̀, ẹyẹ kì í fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Kí omi má jìn ju ínǹṣì 2 lọ, kí ẹ gbé òkúta kan sáàárín. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa dà á nù, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn á ti di ẹ̀fọn. Kó jìnnà sí igbó tí ológbò lè lúgọ sí.

Màmá Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá wọn ti gbà. Ìbéèrè kan ló kù: àdán máa ń já bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò wa nígbà mìíràn. Ṣé àwọn ọmọ lè gbé e padà sórí igi?

Aṣọ́gbó Mọ́níyà:
Rárá o, mà. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó dákẹ́ tó. Lára àdán tó ń jẹ èso ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí kòkòrò kan tó bá kòkòrò àrùn ajá dìgbòlugi tan lọ́dún 1956. Ẹ fi pálí bò ó, kí àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn gbé e lọ síbi tí ajá ò ní dé. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, bó tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àdán ni.