Níbo ni oníbàárà yóò dúró sí bí indifference curve bá jẹ́ ìlà gbọọrọ?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Wọ́n kọ́ wa pé ibi tí indifference curve (ìlà àwọn àkópọ̀ ọjà tó ń fún oníbàárà ní ìtẹ́lọ́rùn kan náà) bá ti fara kan budget line (ìlà àwọn àkópọ̀ ọjà tí gbogbo owó rẹ̀ lè rà) láìgé e kọjá ni ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ti pọ̀ jù. Ìyẹn ò le rárá tí indifference curve bá tẹ̀ wọnú. Ìṣirò tó wà níwájú mi ló yàtọ̀: U (ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà) = 2x + y, níbi tí x àti y ti jẹ́ iye ọjà méjì tó ń rà; owó tó wà lọ́wọ́ jẹ́ 60, iye owó x kan jẹ́ 3, ti y kan jẹ́ 1.

Indifference curve tibí gbọọrọ ni, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2 níbi gbogbo. Ti budget line jẹ́ 3. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ dọ́gba? Lagrange (ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń wá ibi tí U ti pọ̀ jù láìná kọjá owó tó wà) tí mo gbójú lé gan-an ní λ (bí U ṣe ń pọ̀ sí i tí owó bá fi ẹyọ kan lé) jẹ́ 2/3, ó tún ní 1 ni!

Tí mo bá fi gbogbo owó ra x, U á jẹ́ 40. Tó bá jẹ́ y nìkan, á di 60. Ṣé kí n kúkú pa x tì pátápátá ni? Báwo ni mo ṣe máa kọ ẹ̀rí rẹ̀ tí olùkọ́ ò fi ní sọ pé mo kàn méfò? Bí iye owó x bá sì wálẹ̀ sí 2 ńkọ́, èwo ni ká wá mú?