Ìwé ìtàn nípa eré idán: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwọn ọmọ kíláàsì mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ l'Ábẹ́òkúta níbí. Ìwé ìtàn kan la ń kà lọ́wọ́, nípa àwọn ọmọ tó bọ́ sínú ayé idán. Ẹni tó bá pàdánù eré níbẹ̀, òkúta ló máa dà.

Mo gbé ọpọ́n ayò wá sí kíláàsì: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. (Àwọn òbí kan ní ìfàkókòṣòfò ni. Èmi ò gbà, ìṣirò gidi ni.) Mo ní kí wọ́n fi òfin tuntun kan kún un, bíi pé inú ìwé yẹn ni ọpọ́n náà ti wá. Ọmọbìnrin kan ní ẹni tó bá jẹ ayò gbọ́dọ̀ dá ọmọ ayò kan padà, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà di òkúta. Ni ariwo bá sọ! Àwọn kan ní ojúsàájú nìyẹn, àwọn kan ní àánú ni.

Irú àríyànjiyàn tí mò ń wá gan-an nìyí, àmọ́ àwọn tó lẹ́nu nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá sì ní kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀, wọ́n á kàn tún ìtàn sọ bí ẹni ń ṣèdánwò.

Báwo lẹ ṣe ń mú kí àwọn tó dákẹ́ dá sí i? Mo tún fẹ́ kó wọn gun Òkè Olúmọ, kí wọ́n ya máàpù ayé eré tiwọn níbẹ̀. Kí ni kí n ní kí wọ́n máa wò?